Bí A Ṣe Ń Hun Ìtàn Ẹgbẹ́ Eré-Ìje Mọ́tò Tí Kò Pẹ́ Wó

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa eré-ìje mọ́tò, orí awakọ̀ ló sábà máa ń gbé e kà. Á fún un ní akoto aláràbarà, á wá ọ̀tá fún un, ká tó ṣí ojú ewé kẹwàá, mọ́tò ti forí sọ ògiri. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ tó sì wó láàárín ọdún kan tàbí méjì kì í bá ibẹ̀ yẹn lọ. Owó ló ń pa wọ́n, inú ìwé sì ni ikú náà ti ń wọlé: ẹnì kan kò san owó ẹ́ńjìnì, ilé-iṣẹ́ tó ń yá wọn ní ẹ́ńjìnì kò kó ẹrù wá, mọ́tò jókòó sí gàréèjì, awakọ̀ bínú kúrò. Nítorí náà, ẹ̀yìn la ti ń hun irú ìtàn yìí bọ̀ síwájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ gbèsè tó pa wọ́n àti ọjọ́ tí wọ́n kú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá awakọ̀ fún wọn.

Formula 1 la máa fi ṣe òṣùwọ̀n, torí pé ẹgbẹ́ kéékèèké tó ti kú síbẹ̀ pọ̀, àkọsílẹ̀ wọn sì wà. Life, Andrea Moda, Simtek, Forti, Lola ti 1997, Super Aguri, HRT: gbogbo wọn ló wà lóòótọ́, ohun tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ohun èlò fún yín. Ẹ yá okùnfà lò o, ẹ má yá ènìyàn. Ẹni tó bá sọ ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ di ará Ítálì tó ń ṣe bàtà, tí wọ́n sì mú un ní pápá ìje, Andrea Sassetti ló ń kọ ìtàn rẹ̀ yẹn, àròsọ ti tán níbẹ̀.

Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Òfin eré yìí ń yí padà láti ọdún dé ọdún, òfin ló sì ń sọ irú ìtìjú tó lè bá ẹgbẹ́ kékeré. Ní 1989, mọ́tò 39 ló forúkọ sílẹ̀, mọ́tò 26 péré ló sì láyè láti sáré lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n wá dá ìdánwò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára: àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wákàtí kan péré, mọ́tò mẹ́rin tó bá yá jù ló máa bọ́ sínú ìdánwò ìyege, èyí tó ń yan àwọn tó máa sáré, pẹ̀lú àwọn tó kù. Àwọn tó kùnà á palẹ̀ ẹrù mọ́ kí àwọn òǹwòran tó dé. Ìdánwò àárọ̀ Ẹtì yìí wà títí di 1992. Tí ẹgbẹ́ yín bá gbé ayé láàárín ọdún wọ̀nyí, wọ́n lè ná gbogbo owó wọn tán láìtíì rí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ sójú. Life ṣe é ní 1990: ìdíje 14 ni wọ́n lọ, wọn ò yege àárọ̀ Ẹtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 1996 ni òfin ìdá 107 nínú ọgọ́rùn-ún dé. Awakọ̀ tí àkókò rẹ̀ bá ju ti ẹni tó gba ipò kìíní lọ ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kò ní sáré, àfi tí àwọn alákòóso bá ṣàánú rẹ̀. Òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn 2002, ó padà wá ní 2011. Àárín 1993 sí 1995 kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, iye àyè tó wà lórí ìlà nìkan ló ń gé ènìyàn kúrò: ní 1994, mọ́tò 28 ló ń du àyè 26. Ibí yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń ṣubú jù. Wọ́n á gbé ẹgbẹ́ wọn sí 1994, wọ́n á sì fi ìdá 107 lé e jáde ní Silverstone. Òǹkàwé tó mọ eré yìí kò ní ka gbólóhùn tó tẹ̀lé e.

Ẹ wo ẹ́ńjìnì àti máàkì náà. Láti 1989 dé 1994, lítà 3.5 tí kò ní tọ́bò ni gbogbo wọn ń lò. 1995 sọ ọ́ di lítà 3. Láti 2006 dé 2013, V8 (sílíńdà mẹ́jọ) lítà 2.4 ni. Títí di 2002, ẹni mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba máàkì. Ó di ẹni mẹ́jọ ní 2003, ó di ẹni mẹ́wàá ní 2010. Ipò keje ní 1992 kò mú nǹkan kan wálé, ipò kẹfà sì lè yí ọjọ́ iwájú ẹgbẹ́ kékeré padà, nítorí pé ibi tí ẹgbẹ́ bá parí sí ló ń pinnu ẹni tó máa bọ́ lọ́wọ́ àárọ̀ Ẹtì, ó sì tún kan owó ẹrù àti tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú ìtàn yín, ẹ lè fi ipò keje kan ṣe ohun tí ìjàǹbá ńlá mẹ́ta kò lè ṣe.

Ìwé owó

Ẹ fa ìlà mẹ́ta sórí bébà: owó tí wọ́n ṣèlérí, owó tó dé ọwọ́, owó tí a jẹ pẹ̀lú ọjọ́ tó yẹ ká san án. Ẹ má tíì kọ gbólóhùn kan nínú ìtàn títí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi kún láti oṣù kìíní dé oṣù tí wọ́n máa kú. Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àròsọ, àfi owó ìdógò $100,000 tí ẹgbẹ́ tuntun ní láti san ní 1992, èyí tó wà lóòótọ́.

Ká ní onígbọ̀wọ́ kan ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, mílíọ̀nù kan ní oṣù kìíní, kẹrin, keje àti kẹwàá. Owó ẹ́ńjìnì jẹ́ mílíọ̀nù méjì, ìdá mẹ́rin ni wọ́n máa fi san án: $500,000 ní oṣù kìíní, kẹta, karùn-ún àti keje. Ṣíṣe mọ́tò máa jẹ $900,000 kí oṣù kejì tó parí. Owó oṣù àti ìrìnnà jẹ́ $150,000 lóṣooṣù. Ní oṣù kìíní, mílíọ̀nù kan wọlé, $750,000 jáde (ẹ́ńjìnì, owó oṣù àti ìdógò), ó ku $250,000. Oṣù kejì gba $1,050,000. Kí táyà mọ́tò tó kan ilẹ̀ pápá ìje Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ ti jẹ gbèsè $800,000, bẹ́ẹ̀ sì rèé, onígbọ̀wọ́ kò tíì ṣẹ̀ wọ́n rárá. Oṣù kẹta sọ ọ́ di $1,450,000. Ní oṣù kẹrin, ìdajì owó ló dé: onígbọ̀wọ́ ní òun retí kí òun rí mọ́tò lórí tẹlifíṣàn. Gbèsè wá sí $1,100,000. Oṣù karùn-ún dé pẹ̀lú owó ẹ́ńjìnì, ó di $1,750,000, kò sì sí ẹni tó lè san án. Ìdíje tó tẹ̀lé e ni Montreal, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà. Ẹ́ńjìnì kò ní dé Montreal.

Ẹ rí i pé a ti rí àárín ìtàn, a ò sì tíì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ yẹn pẹ̀lú: kì í ṣe ole, ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu. Ìtàn máa ń dùn jù nígbà tí gbogbo ẹni tó pa ẹgbẹ́ bá ní ẹjọ́ tó tọ́ láti rò.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí Andrea Moda ní Montreal gan-an ní 1992. Ẹ́ńjìnì Judd wọn kò dé, wọ́n ní gbèsè ló fà á, ẹ́ńjìnì kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Brabham ni awakọ̀ wọn, Roberto Moreno, fi jáde. Mọ́tò kejì kò rí nǹkan kan lò.

Ibi tí owó ti ń wọlé ló ń sọ bí ikú á ṣe rí. Tó bá jẹ́ àpò ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni, òwò rẹ̀ míì ló máa kọ́kọ́ dà rú. Tó bá jẹ́ awakọ̀ ló ń gbé owó wá, ọjọ́ tí awakọ̀ bá rí ibi tó sàn jù ni owó náà bá a lọ: Pedro Diniz lọ sí ẹgbẹ́ Ligier lẹ́yìn 1995, Forti kò sì rí ìparí 1996. Ti onígbọ̀wọ́ ńlá ni ẹ máa fi tayọ̀tayọ̀ kọ, torí òun ló ń kánjú jù. Lola jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí Eric Broadley dá sílẹ̀ ní 1958, tó ti ta mọ́tò ìje fún gbogbo ayé. Ètò wọn ni láti wọ Formula 1 fúnra wọn ní 1998. Onígbọ̀wọ́ wọn, MasterCard, fẹ́ 1997. Wọ́n ṣe mọ́tò náà ní kánmọ́kánmọ́ láìgbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ dán ara mọ́tò wò. Owó onígbọ̀wọ́ náà tún rọ̀ mọ́ iye ènìyàn tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ kan, ìyẹn ni pé owó tí wọ́n ń ná lónìí, ọ̀la ni wọ́n á mọ̀ bóyá ó wà.

Níbo ni mọ́tò ti wá?

Ẹgbẹ́ tí kò lówó kì í ya mọ́tò láti orí bébà òfìfo. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó ní àbájáde.

Èkíní ni kí wọ́n ra ti ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Andrea Moda ra ẹgbẹ́ Coloni, wọ́n sì gbé mọ́tò Coloni lọ sí Kyalami ní oṣù kẹta 1992. Àwọn alákòóso ní ẹgbẹ́ tuntun ni wọ́n, wọn ò san ìdógò, kí wọ́n máa lọ sílé. Super Aguri bẹ̀rẹ̀ 2006 pẹ̀lú ṣásì (egungun ara mọ́tò) A23 ti ẹgbẹ́ Arrows, tó jẹ́ ti 2002, wọ́n tún un ṣe kó bá òfin tuntun mu, wọ́n so ẹ́ńjìnì Honda mọ́ ọn. Èkejì ni kí wọ́n ra àwòrán tó ti wà lórí pẹpẹ: mọ́tò S921 tí Andrea Moda sáré kọ́ lẹ́yìn Kyalami, iṣẹ́ tí Simtek ti yà sílẹ̀ fún BMW ni. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ òde, bí Dallara ṣe ṣe ti HRT ní 2010. Aléébù rẹ̀ ni pé oníṣẹ́ òde kì í kó iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó rí owó. Ní Bahrain lọ́dún náà, ìgbà tí Karun Chandhok jáde fún ìdánwò ìyege ni mọ́tò rẹ̀ kọ́kọ́ rìn láyé. Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n ṣe é fúnra wọn, a sì ti rí ti Lola.

Ní ti àbùkù mọ́tò, ẹ má kọ pé “mọ́tò náà kò dára.” Ẹ sọ ohun tó gbóná, ohun tó tẹ̀, ohun tó já. Kí àbùkù kan sì bí òmíràn. Fún àpẹẹrẹ: rédíétọ̀ kéré torí pé ẹ́ńjìnì mìíràn ni wọ́n fi wọn àyè rẹ̀. Omi gbóná kọjá ààlà lẹ́yìn yípo kejì. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí awakọ̀ má ṣe ju yípo mẹ́ta lọ: èyí tó fi jáde, èyí tí wọ́n ka àkókò rẹ̀, èyí tó fi padà wọlé. Yípo kan ṣoṣo tí wọ́n fi jáde kò tó láti mú táyà gbóná dáadáa, torí náà mọ́tò ń yọ̀ ní kọ́nà lórí yípo tó yẹ kó ka. Àkókò burú. Onígbọ̀wọ́ rí àkókò náà nínú ìwé ìròyìn, ó ní awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n wà. Rédíétọ̀ kékeré ló ti fẹ́ lé awakọ̀ kúrò níṣẹ́ yìí, ẹ ò sì ní láti fi mọ́tò gbá nǹkan kan.

Ẹ́ńjìnì ni ibi tí àlá ọ̀gá ẹgbẹ́ ti máa ń hàn jù. Ernesto Vita ti Life ra W12 tí Franco Rocchi, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Ferrari rí, yà: ìlà mẹ́ta, sílíńdà mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èrò náà ni pé ẹ́ńjìnì máa kúrú bí ti sílíńdà mẹ́rin, kó sì ní agbára ti méjìlá. Ohun tó jáde wúwo, agbára rẹ̀ sì kéré jìnnà sí ti àwọn tó kù. Mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Nígbà tí ìdíje 1990 fẹ́ parí, wọ́n yọ W12, wọ́n fi Judd V8 rọ́pò rẹ̀. Ní Estoril, ìdérí ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ti ṣe fún ẹ́ńjìnì mìíràn, fò kúrò lórí mọ́tò bí Bruno Giacomelli ṣe jáde. Ẹni tó bá rò pé pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ kan, kó wo ohun tó tún ní láti yí padà: ìdérí, páìpù omi àti ti ọ́ìlì, ìsopọ̀ mọ́ gíà, ibi tí ìwúwo mọ́tò wà, nígbà míì táńkì epo. Ẹ fún ẹgbẹ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù tí kò bára mu.

Àkókò yípo: ẹ ṣírò, ẹ má fojú bù ú

Melbourne, oṣù kẹta 1997. Jacques Villeneuve fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 29.369 gba ipò kìíní. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá nìkan, ó jẹ́ 89.369. Ẹ fi 1.07 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí 95.625, ìyẹn 1:35.625. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Vincenzo Sospiri ti Lola ṣe 1:40.972, Ricardo Rosset ṣe 1:42.086. Sospiri fi ìṣẹ́jú-àáyá 5.3 jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, Rosset fi 6.5. Èyí burú débi pé, ká ní àròsọ ni, olóòtú máa ní kí ẹ dín in kù.

Tí ẹ bá ń hun ti yín, ìdá mẹ́rin sí méje nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ aláìlówó sábà máa ń wà nígbà tí mọ́tò wọn bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó bá gígùn pápá mu: ìdá márùn-ún jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 4 ní pápá tí yípo rẹ̀ gba 80, ó jẹ́ 5.5 níbi tó bá gba 110. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kan náà kò lè fi ìṣẹ́jú-àáyá kan náà rẹ̀yìn ní Monaco àti ní Spa. Tí àkókò bá wá burú kọjá bẹ́ẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn: Giacomelli ní yípo kan ní Imola ní 1990 tó gba ju ìṣẹ́jú méje lọ. Ẹ kọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ sínú tábìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, kí ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ jù.

Kàlẹ́ńdà

Ẹ mú kàlẹ́ńdà ọdún náà gan-an, kí ẹ sì tẹ̀lé e. Ti 1992 ní ìdíje 16: Kyalami ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, Mẹ́síkò ní ọjọ́ 22, Interlagos ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, kí wọ́n tó padà sí Yúróòpù ní oṣù karùn-ún. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé ẹrù lọ. Tí mọ́tò kò bá tíì parí kí ẹrù tó gbéra, inú gàréèjì pápá ìje ni wọ́n á ti máa so ó pọ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Andrea Moda ní Mẹ́síkò. Awakọ̀ méjèèjì ìgbà náà, Alex Caffi àti Enrico Bertaggia, ráhùn. Wọ́n lé wọn. Láti oṣù karùn-ún, tírélà ni, tírélà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn awakọ̀ tírélà ilẹ̀ Faransé dí ọ̀nà pa. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù wá ọ̀nà dé pápá ìje Magny-Cours. Andrea Moda kò dé. Ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an: ìyọnu kan náà bá gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò lówó ìrìnnà àfikún nìkan ló ṣe léṣe.

Ẹ má sọ ìtàn ìdíje 16. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó. Àwọn tó kù, ẹ fi lẹ́tà kọ wọ́n sínú tábìlì èsì ní ìparí: DNPQ fún ẹni tó kùnà ní àárọ̀ Ẹtì, DNQ fún ẹni tó kùnà nínú ìyege, EX fún ẹni tí wọ́n lé, WD fún ẹni tó fà sẹ́yìn, Ret fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dákú lójú ìje. NC ni wọ́n máa ń ṣì lò jù. Ó wà fún ẹni tó ṣì ń sáré nígbà tí wọ́n ju àsíá, ṣùgbọ́n tí yípo rẹ̀ kò tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti olúborí. Tí olúborí bá ṣe yípo 70, ẹni tó ṣe 62 jẹ́ NC, ẹni tó ṣe 63 wọlé. Nọ́ńbà ara mọ́tò pẹ̀lú: ní ìgbà náà, nọ́ńbà ńlá ni ẹgbẹ́ tuntun ń gbà. Life gba 39, Andrea Moda gba 34 àti 35. Ẹgbẹ́ tuntun tó ń gbé nọ́ńbà 3 kiri ní 1990, irọ́ ti hàn lára rẹ̀.

Ọjọ́ rere kan gbọ́dọ̀ wà. Kì í ṣe kí inú òǹkàwé lè dùn. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń sún ikú síwájú, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀gá rí ẹni tuntun yá lówó. Moreno yege ní Monaco ní 1992, ó gba ipò 26 nínú 26, ó sáré yípo 11 kí ẹ́ńjìnì tó kú. Ẹ wo bó ṣe kéré tó, síbẹ̀ òun nìkan ni ìdíje tí ẹgbẹ́ náà bá wọn bẹ̀rẹ̀. Ti Super Aguri tóbi jù bẹ́ẹ̀: ní Kánádà ní 2007, Takuma Sato kọjá Fernando Alonso, ó gba ipò kẹfà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ wọn kú. Àárín ni kí ẹ fi ọjọ́ rere sí, má ṣe jẹ́ kó sún mọ́ ìparí.

Awakọ̀

Méjì ni wọ́n, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọ̀kan ní orúkọ, òun ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan tó ṣiṣẹ́ fún. Èkejì wà níbẹ̀ torí pé mọ́tò méjì ni ẹgbẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ èkejì, kó ka ti Perry McCarthy, awakọ̀ kejì Andrea Moda, ní 1992. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Bràsíl. Ní Sípéènì, mọ́tò rẹ̀ kú kó tó jáde ní ojú gàréèjì. Ní Silverstone, ilẹ̀ gbẹ, táyà òjò ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀. Ní Họ́ngárì, wọ́n jẹ́ kó jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 45, bẹ́ẹ̀ ni yípo ibẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní Spa, sítíárìn ń tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí eré gíga. Ẹ ò lè lo ìkankan nínú wọn ní tààrà, wọ́n ti lókìkí jù. Ohun tí ẹ máa kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i: ìwé, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà táyà, lẹ́yìn náà àkókò, lẹ́yìn náà ohun tó lè gba ẹ̀mí.

Ní ti ikú awakọ̀, èrò wa ni pé kí ẹ fi sílẹ̀. Roland Ratzenberger ti Simtek kú ní Imola ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1994, nínú ìdánwò ìyege. Ọjọ́ kejì, David Brabham wa mọ́tò Simtek kejì nínú ìdíje. Ẹgbẹ́ náà kò kú nígbà náà. Monaco ní 1995 ni wọ́n sáré gbẹ̀yìn, nítorí owó. Òǹkọ̀wé tó ń lo ikú awakọ̀ láti parí ẹgbẹ́ ń fo ọdún kan gbáko nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tó sì nira jù láti kọ.

Ọjọ́ tí wọ́n pa á tì

Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1992, kí Monza tó bẹ̀rẹ̀, àwọn alákòóso lé Andrea Moda kúrò torí pé wọ́n ń ba orúkọ eré jẹ́. Ní Spa, ìdíje tó ṣáájú, ọlọ́pàá ti mú Sassetti lórí ọ̀rọ̀ ìwé owó ayédèrú. Lola lọ sí Interlagos lẹ́yìn Melbourne, onígbọ̀wọ́ sì jáde kí mọ́tò tó jáde, láìpẹ́ gbèsè gbé ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 39 lulẹ̀, Martin Birrane ló rà á. Super Aguri ń retí ẹni tó máa rà wọ́n; òwò náà dà rú, ọ̀gá wọn, Aguri Suzuki, sì kéde ìparí ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 2008, ọ̀sẹ̀ tí ìdíje Túrkì kù sí dẹ̀dẹ̀. Life kò kéde nǹkan kan: wọ́n lọ sí Jerez, wọn ò sì dé Jàpáànù àti Ọsirélíà. Ẹgbẹ́ USF1 ní Charlotte, Amẹ́ríkà, kò tilẹ̀ dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ rí. Ní 2010 wọ́n bu owó ìtanràn €309,000 lé wọn, wọ́n sì fòfin dè wọ́n.

Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ padà sí ìwé owó yín wò bóyá ìlà kẹta gbé e dé ibẹ̀. Tí ẹ bá yan ìléjáde, ẹ ti ní láti gbin ìkìlọ̀ kan tàbí méjì látọ̀dọ̀ àwọn alákòóso sáàárín. Tó bá jẹ́ títà tó dà rú ni, ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ti fojú hàn ní gàréèjì ní ìdíje mẹ́ta ṣáájú, kó máa wo nǹkan, kó má fọwọ́ sí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pípòórá ni, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ kí ọ̀gá tó sọ: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí wọn ò tíì rà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìrìnàjò ti tó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pín ẹrù. Ẹ́ńjìnì padà sọ́dọ̀ ẹni tó yá wọn, torí kì í ṣe tiwọn. Tírélà lọ sọ́dọ̀ báńkì. Owó oṣù méjì tó kẹ́yìn di ẹjọ́. Ṣásì ló máa ń pẹ́ jù. Ẹni tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ máa rà á, á fi ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ sí i, á sì wà á fún ìgbádùn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣásì náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kó lè jẹ́ ọ̀kan náà ní ìparí.